Rédíò tó bá ọkọ̀ wá kò dún tó mọ́: ibo ni kí ẹni tí owó rẹ̀ kò pọ̀ ti bẹ̀rẹ̀?

Olùkọ́ Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́:

Mo kí gbogbo ilé o. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà. Mo máa ń gbé e lọ láti Ìbàdàn sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo sì máa ń gbé e padà wálé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Rédíò tí ó bá a wá láti ilé iṣẹ́ ni ó ṣì wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú sípíkà mẹ́rin: méjì nínú ilẹ̀kùn iwájú, méjì lórí pẹpẹ ẹ̀yìn lábẹ́ gíláàsì. Bí ọkọ̀ bá dúró, ohùn náà kò burú. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti kọjá Mọ́níyà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ariwo táyà àti ti afẹ́fẹ́ á bo ohùn oníròyìn mọ́lẹ̀, pàápàá nítorí pé owó epo kò jẹ́ kí n máa tan éèsì ní gbogbo ìgbà, tí fèrèsé sì máa ń wà ní ṣíṣí. Bí mo bá wá yí i sókè kọjá ìdajì, ìyáàlù inú orin àpàlà á máa dún bí ẹni ń lu páálí, ohùn olórin á sì máa ha.

Owó tí mo lè yọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ yìí kò ju 150,000 náírà lọ. Ẹnìkan ní kí n ra rédíò Android aláwòrán gbàgàdà, ẹlòmíràn ní kí n lọ gbé wúfà méjì sí bùútù. N kò fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ̀ pé mo ti dé. Ohun tí mo fẹ́ ni kí n máa gbọ́ ìròyìn àti orin kedere lójú títì, kí ó ga, kí ó má sì ha. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Rewáyà Ìwó Road:

Ẹ kú ìrìnàjò o, olùkọ́. Ọdún 22 rèé tí mo ti ń ṣe iṣẹ́ rewáyà, mo sì fẹ́ kọ́kọ́ bẹ̀ yín pé kí ẹ má tíì ra rédíò kankan. Rédíò aláwòrán yẹn rẹwà, ó ń fi kámẹ́rà ẹ̀yìn àti máàpù hàn, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó ń mú ohùn ga. Bátìrì ọkọ̀ kò ju nǹkan bíi fóòtì (volt) 12 lọ, bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń ṣiṣẹ́, ó ń sún mọ́ 14. Pẹ̀lú ìwọ̀n iná yẹn, ẹ̀yà kékeré tí ó ń ti ohùn jáde nínú rédíò, ìbáà ṣe ti ilé iṣẹ́ tàbí èyí tí a rà lọ́jà, kì í sábà lè fún sípíkà kọ̀ọ̀kan ju nǹkan bíi wáàtì 15 sí 22 lọ láìdáwọ́ dúró. Wáàtì 50 lọ́nà mẹ́rin tí wọ́n kọ gàdàgbà sí ara páálí jẹ́ iye tí ó lè bẹ́ dé fún ìṣẹ́jú àáyá kan, kì í ṣe iye tí ó lè rù dé Ògbómọ̀ṣọ́. Iye tí ẹ ó máa wò ni èyí tí wọ́n kọ RMS sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn agbára tí ó lè rù láìdáwọ́ dúró.

Ohun kejì nìyí, òun ni ó sì yẹ kí ó darí owó yín. Bí a bá sọ agbára iná di ìlọ́po méjì, ohùn kì í di ìlọ́po méjì létí wa. dB (ìwọ̀n tí a fi ń mọ bí ohùn ṣe ga tó) 3 péré ni ó fi ń ga, ìyàtọ̀ kékeré sì ni etí ń gbọ́. Kí etí tó gbà pé ohùn ti di méjì, ó gbọ́dọ̀ fi nǹkan bíi dB 10 ga sí i, ìyẹn sì ń béèrè agbára ìlọ́po mẹ́wàá. Ẹ wá wo ìwé inú páálí sípíkà: ẹ ó rí iye dB tí ó ń mú jáde bí a bá fún un ní wáàtì 1 tí a sì jìnnà sí i ní mítà 1. Ọ̀pọ̀ sípíkà ọkọ̀ wà láàrin 86 sí 93. Ẹni tí ó bá yọ sípíkà oní-88 tí ó sì fi oní-92 rọ́pò rẹ̀ ti jèrè dB 4, bí ẹni pé ó ra rédíò tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì àbọ̀ ti tẹ́lẹ̀. Rédíò bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́jà. Sípíkà bẹ́ẹ̀ wà.

Nítorí náà, bí ọmọ bíbí inú mi bá bi mí, n óò ní kí ó kọ́kọ́ tún ètò rédíò tí ó wà nílẹ̀ ṣe, èyí tí kò gba kọ́bọ̀. Kí ó wá ra sípíkà iwájú tí ó dára, kí ó sì dí ilẹ̀kùn náà dáadáa. Bí owó bá kù, kí ó wá ańpù kékeré kan, ẹ̀rọ tí ń fi agbára kún ohùn. Kí wúfà sì jẹ́ ìkẹyìn pátápátá. Ẹ̀yìn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gbé wúfà sí bùútù, bùútù á máa mì tìtì, ohùn oníròyìn á sì wà níbi tí ó wà.

Awakọ̀ Ṣàgámù:

Ẹ jẹ́ kí n dá sí apá tí kò gba kọ́bọ̀ yẹn, nítorí ó pẹ́ kí n tó mọ̀ ọ́n. Rédíò Corolla ọdún yẹn kò ní Bluetooth, nítorí náà mo gbà pé ẹ̀rọ kékeré tí a ń kì bọ ihò iná sìgá, tí ó ń gba orin lórí fóònù tí ó sì ń gbé e lọ sórí FM, ni olùkọ́ ń lò fún orin. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ yí ohùn orí fóònù fúnra rẹ̀ sókè dé nǹkan bíi ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, kí ẹ tó fọwọ́ kan ti rédíò. Bí fóònù bá ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ariwo FM ni ẹ ó máa yí sókè pẹ̀lú orin. Ẹ sì wá ibi tí ilé iṣẹ́ rédíò kankan kò sí lórí FM. Ní Mọ́níyà tí ẹ dárúkọ yẹn, Àmúlùdùn 99.1 wà nílé, agbára rẹ̀ á sì bo ẹ̀rọ kékeré yín mọ́lẹ̀ bí ẹ bá yàn án sí tòsí ibẹ̀. Èyí tí ó tún dára jù ni kí ẹ kọ orin yín sórí CD, nítorí ihò CD wà nínú rédíò yẹn.

Lẹ́yìn náà, ẹ dá béèsì padà sí òdo. Mo mọ̀ pé a fẹ́ràn béèsì, ṣùgbọ́n òun ni ó ń jẹ agbára jù lọ. Bí ẹ bá ti fi béèsì sí +5, wáàtì díẹ̀ tí rédíò ní á ti tán sórí rẹ̀ kí ohùn ènìyàn tó gba tirẹ̀, ìdí nìyẹn tí ó fi ń ha bí ó bá kọjá ìdajì. Lọ́jọ́ tí mo yọ béèsì kúrò nínú ọkọ̀ mi, mo lè yí ohùn kọjá ibi tí ó ti ń ha tẹ́lẹ̀, ohun gbogbo sì mọ́.

Onísípíkà Alábà:

Sípíkà ni mo ń tà, nítorí náà ẹ fi ojú oníṣòwò wo ohun tí mo bá sọ, ṣùgbọ́n òtítọ́ ni n óò sọ.

Ẹ má ra sípíkà kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn. Ní irú Corolla yìí, èyí tí ó fẹ̀ ní íǹṣì 6.5 ni ó sábà máa ń wà ní iwájú, ti ẹ̀yìn sì jẹ́ ẹlẹ́yin, íǹṣì 6 sí 9. Ohun tí kì í jẹ́ kí tuntun wọlé ní tààrà ni pé sípíkà Toyota àti ìdè oníke rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, wọ́n dà á pọ̀ ni. Ẹ óò nílò òrùka tí ó máa gbé tuntun jókòó síbẹ̀. Wọ́n ń tà á, ṣùgbọ́n káfíńtà lè fi pákó pílíwúùdù gé e fún yín, kí ẹ sì kùn ún ní ọ̀dà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí omi òjò ń ṣàn nínú ilẹ̀kùn ọkọ̀ gbogbo.

Nípa yíyàn, ẹ má tẹ̀ lé iye wáàtì tí ó wà lára páálí. Mo ti rí sípíkà tí wọ́n kọ 1,000 sí lára, tí mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò tóbi ju ọmọrí ìgò lọ, tí wọ́n wá fi rọ́bà ńlá dúdú bò ó kí ó lè dà bí ohun gidi. Ẹ tẹ rọ́bà náà. Bí ó bá wọnú, afẹ́fẹ́ ni ẹ fẹ́ ra. Ẹ wá èyí tí RMS rẹ̀ wà láàrin 30 sí 60, tí dB rẹ̀ jẹ́ 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó sì jẹ́ óòmù (ìwọ̀n bí sípíkà ṣe ń dènà iná tó) 4. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta oní-óòmù 2 fún yín láti so mọ́ rédíò ilé iṣẹ́, nítorí ooru á pa rédíò náà. Èyí tí tíwítà rẹ̀ (sípíkà kékeré tí ń mú ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ jáde) wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀ tó fún owó tí ẹ ní. Èyí tí tíwítà rẹ̀ dá dúró dára gan-an, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, owó rẹ̀ sì ga.

Tòkunbọ̀ ni mo máa ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti rà bí owó kò bá tó, ṣùgbọ́n ẹ dán an wò níwájú ẹni tí ó ń tà á. Ẹ fi ìka mẹ́rin tẹ kóónù náà wọlé jẹ́jẹ́, kí ìka wà ní ìhà méjèèjì lọ́gbọọgba, kí ẹ sì gbé etí lé e. Bí ẹ bá gbọ́ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí iyanrìn ń ha ike, wáyà inú rẹ̀ ti wọ́, ẹ dá a padà. Ẹ fi mítà tí rewáyà fi ń wọn iná wọn óòmù rẹ̀: sípíkà oní-óòmù 4 tí ó pé á fi nǹkan bíi 3.2 sí 3.7 hàn. Bí mítà bá dákẹ́, ó ti jóná. Ẹ wo fóòmù tí ó yí etí rẹ̀ ká pẹ̀lú. Bí ó bá ti ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tàbí tí ó ń já bọ́ bí èérún àkàrà, oòrùn ti pa á.

Olùkọ́ Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́:

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo dá béèsì padà sí òdo lánàá, ìyàtọ̀ sì wà lóòótọ́. Lónìí mo ní kí mẹkáníìkì bá mi ṣí ilẹ̀kùn ọ̀tún. Nígbà tí ó yọ sípíkà náà, fóòmù etí rẹ̀ wà lórí ilẹ̀ ilẹ̀kùn bí eruku, kóónù náà kò sì di ohunkóhun mú mọ́ ní nǹkan bíi ìdajì àyíká rẹ̀. Ẹnu yà mí pé ó ṣì ń sọ̀rọ̀. Àwo bébà tín-ín-rín ni, mágínẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kò ju ìbú owó ẹyọ 50 kọ́bọ̀ àtijọ́ méjì lọ. Mo ti gbà láti ra sípíkà iwájú nìkan ná. Ṣé kò sí ohun tí n óò ṣe sí ilẹ̀kùn kí n tó fi tuntun sí i? Mo gbọ́ pé àwọn kan ń lẹ nǹkan mọ́ inú rẹ̀.

Rewáyà Ìwó Road:

Ó wà, iṣẹ́ ibẹ̀ sì ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ṣe rò lọ. Sípíkà ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, ó sì ń ti afẹ́fẹ́ sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ó lọ síwájú sì lòdì sí èyí tí ó lọ sẹ́yìn. Bí àlàfo bá wà láàrin sípíkà àti irin ilẹ̀kùn, àwọn méjèèjì á pàdé níbẹ̀, wọ́n á sì pa ara wọn rẹ́, béèsì ni ó sì ń kọ́kọ́ kú. Nítorí náà ẹ fi fóòmù rírọ̀ tí ó lẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń fi dí etí fèrèsé, yí abẹ́ òrùka náà ká láìjẹ́ kí ihò kankan kù. Ẹ tún yí òmíràn sí iwájú sípíkà, kí ó lè kan ẹ̀yìn ike ilẹ̀kùn, kí ohùn jáde síta dípò kí ó máa rìn káàkiri láàrin ike àti irin. Iṣẹ́ fóòmù yìí kò gba owó púpọ̀, mo sì ti rí oníbàárà tí ó rò pé mo ti pààrọ̀ sípíkà òun, bẹ́ẹ̀ fóòmù nìkan ni mo fi sí i.

Nǹkan tí wọ́n ń lẹ mọ́ inú ilẹ̀kùn ni bítílì, ohun dúdú tí ó rọ̀ bí ṣingọ́ọ̀mù tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ bébà aluminiọ́ọ̀mù. Kò pọn dandan kí ẹ lẹ ẹ́ mọ́ gbogbo ibi. Ẹ fi ìka kan irin ẹ̀yìn sípíkà. Ibi tí ó bá dún bí agolo ni kí ẹ lẹ ẹ́ mọ́, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn ṣíbí tẹ̀ ẹ́ títí tí yóò fi dì mọ́ irin. Ẹ má ṣe torí pé kò wọ́n kí ẹ lo ọ̀dà bítúmẹ́ẹ̀nì tí wọ́n ń fi ṣe òrùlé. Nínú ooru tiwa, á yọ́, á máa rùn, á sì ṣubú lé ẹ̀rọ fèrèsé. Ní ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn, ẹ ó rí àwọn ihò kéékèèké tí omi òjò ń gbà jáde. Ẹ má dí wọn o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ilẹ̀kùn á dípẹtà láàrin ọdún méjì.

Kí ẹ tó de ìdè kankan, ẹ yí gíláàsì fèrèsé wálẹ̀ pátápátá nígbà tí sípíkà wà ní ibi tí yóò wà. Mágínẹ́ẹ̀tì tuntun sábà máa ń ga ju ti àtijọ́, mo sì ti pàdé gíláàsì tí ó fọ́ nítorí ìwọ̀n íǹṣì kan péré.

Wáyà ni ó kù. Ẹ gba bátìrì tọ́ọ̀ṣì kan, fóòtì 1.5, kí ẹ fi kan ẹnu wáyà méjèèjì fún ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kóónù bá fò jáde, wáyà tí ó kan orí bátìrì ni pọ́sítíìfù. Bí ó bá fà wọlé, ẹ ti yí i padà. Ẹ ṣe é fún sípíkà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Bí ọ̀kan bá yàtọ̀ sí èkejì, ọ̀kan á máa ti afẹ́fẹ́ nígbà tí èkejì ń fà á, béèsì á pòórá, ohùn á sì dà bí ẹni pé ó ń ti ọ̀nà jíjìn wá. Èmi fúnra mi ra Camry kan lọ́wọ́ ẹnìkan tí wọ́n ti tú wáyà rẹ̀ rí, odidi ọdún kan ni mo fi ń bá rédíò rẹ̀ jà, kí n tó fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì kàn án. Wáyà ilẹ̀kùn òsì ni wọ́n yí.

Ọmọ Ìbàdàn ní Houston:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Mo fẹ́ fi kún un fún àwọn tí ọkọ̀ wọn kì í ṣe Corolla. Nínú àwọn Camry àti Lexus tí ó ń ti ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín lọ sí ilé, àwọn kan wà tí ilé iṣẹ́ ti fi ańpù tí ó dá dúró sí nínú. Bí ẹ bá rí àkọlé JBL lórí rédíò Toyota, tàbí Mark Levinson nínú Lexus, ańpù wà níbì kan tí ó fara pamọ́. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í gba kí a kàn yọ sípíkà kí a sì fi òmíràn sí i, nítorí óòmù sípíkà rẹ̀ sábà máa ń kéré ju 4 lọ, ańpù náà sì ti mọ ìwọ̀n rẹ̀. Ẹ wọn óòmù èyí tí ẹ yọ kí ẹ tó ra òmíràn. Bí rédíò irú ọkọ̀ yìí bá dákẹ́ lójijì, ẹ yẹ fíúsì ańpù wò kí ẹ tó gbà pé rédíò ni ó kú.

Onímọ̀ iná Abẹ́òkúta:

Ọ̀rọ̀ ti dé orí ańpù, mo sì fẹ́ rọra sọ ọ́, nítorí ibi tí iná ti ń jó ọkọ̀ nìyí.

Bí olùkọ́ bá dé ibẹ̀, kí wọ́n wá ańpù oníhò mẹ́rin, wáàtì 50 RMS fún ihò kọ̀ọ̀kan, tí ó jẹ́ Class D, nítorí kì í fi iná ṣòfò bíi ti Class AB, kì í sì í gbóná tó o. Kí wọ́n wo ara rẹ̀ bóyá ó ní ẹnu ọ̀nà tí ó ń gba ohùn láti wáyà sípíkà ní tààrà, torí rédíò ilé iṣẹ́ wọn kò ní ihò RCA (ihò roboto tí ó ń gbé ohùn lọ sí ańpù) lẹ́yìn. Bí ó bá ní ẹnu ọ̀nà yẹn, owó ẹ̀rọ tí ń yí ohùn padà ti di èrè.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò iná rẹ̀. Wáàtì 50 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ 200. Bí Class D bá ń lo nǹkan bíi ìdá 80 nínú 100 iná tí ó gbà, 250 ni ó máa fà. Ẹ pín in pẹ̀lú fóòtì 13.8, ó jẹ́ áńpíà 18. Wáyà gágì 8 àti fíúsì 30 tó fún un láìsí ìbẹ̀rù. Fíúsì yìí kò gbọ́dọ̀ jìnnà sí bátìrì ju sẹ̀ǹtímítà 45 lọ. Kì í ṣe ańpù ni fíúsì yìí ń dáàbò bò, wáyà ni: bí irin bá gé wáyà náà nínú ihò tí ó gbà kọjá láti iwájú ẹ́ńjìnnì, fíúsì ni ó máa jó dípò ọkọ̀. Mo ti rí ibi tí rewáyà kan ti fi fíúsì sí ẹ̀gbẹ́ ańpù nínú bùútù. Wáyà mítà mẹ́rin wá ń gbé iná bátìrì kọjá lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì àti lábẹ́ ẹsẹ̀ àwọn ọmọ láìsí ohun tí yóò dá a dúró. Bí ẹ bá bá irú rẹ̀ nínú ọkọ̀ yín, ẹ yọ orí bátìrì lónìí.

Nípa wáyà fúnra rẹ̀, ayédèrú pọ̀. Ẹ bó etí rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ fi abẹ fá ara irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan nínú rẹ̀. Bí àwọ̀ bàbà bá ṣí tí funfun sì yọ, aluminiọ́ọ̀mù tí wọ́n fi bàbà kùn ni. Kì í ṣe pé kò lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ra èyí tí ó nípọn ju bí a ṣe sọ lọ. Wáyà ilẹ̀ kò gbọ́dọ̀ gùn ju ìdajì mítà. Ẹ ha ọ̀dà kúrò lára irin ọkọ̀ títí tí yóò fi máa dán, kí ẹ tó de é mọ́ ọn, ẹ má sì de é mọ́ bóòtù bẹ́líìtì ìjókòó. Bí ẹ bá ń gbọ́ ohùn fííìn tí ń ga bí ẹ bá ń tẹ iná, wáyà ilẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ̀ wò.

Kókó tí wọ́n kọ gain sí lára ańpù kì í ṣe kókó ohùn, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ó ń ka èyí di í mú. Ó wà láti mú ańpù bá ohun tí rédíò ń fún un mu. Ẹ kọ ohùn gbọọrọ hertz 1,000 sórí CD, ẹ yọ wáyà sípíkà kúrò lára ańpù, ẹ dá béèsì àti tírébù sí òdo, ẹ yí rédíò dé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, ẹ sì fi mítà sí AC fóòtì lẹ́nu ihò sípíkà ańpù. Fún wáàtì 50 ní óòmù 4, 50 lọ́nà 4 jẹ́ 200. Nọ́ńbà tí a bá fi ara rẹ̀ sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tí yóò fún wa ní 200 sún mọ́ 14.1. Ẹ rọra yí gain láti ìsàlẹ̀ títí tí mítà yóò fi fi 14.1 hàn, kí ẹ dúró níbẹ̀. Ẹni tí ó bá kọjá ibẹ̀ ń gé orí ohùn ni, tíwítà ni ó sì ń kọ́kọ́ jóná. Ẹ wá tẹ HPF, èyí tí ń dí béèsì ìsàlẹ̀ lọ́nà, sí hertz 80 fún sípíkà ilẹ̀kùn, kí wọ́n má baà máa gbìyànjú béèsì tí apá wọn kò ká.

Nọ́ọ̀sì Àkúrẹ́:

Ẹ jọ̀ọ́, kí a rántí etí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ìwọ̀n tí kò léwu fún àgbàlagbà ni dB 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀, àkókò náà sì ń di ìdajì bí ohùn bá ti fi dB 3 ga sí i. Ẹ lè wọ̀n ọ́n pẹ̀lú fóònù, kò ní pé pérépéré, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ ibi tí ẹ wà. Bí etí bá ń pariwo nígbà tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, ó ti pọ̀ jù.

Alágbàṣe Ọ̀yọ́:

Ẹni tí ó bá fẹ́ wúfà nígbẹ̀yìn, kí ó lọ wo èyí tí ó ń wọ abẹ́ ìjókòó, tí ańpù rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kò gba bùútù, kò sì nílò àpótí. Ṣùgbọ́n tèmi ni pé kí a má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ lẹ́yìn rédíò. Wọ́n gé tèmi nígbà tí mo pààrọ̀ rédíò, ó sì gbà mí ní ọjọ́ méjì láti mọ èyí tí í ṣe èyí. Ẹ ra wáyà asọpọ̀ tí ó bá ọkọ̀ yín mu. Lára rédíò ọjà, yẹ́lò ni iná tí kì í kú, pupa ni iná kọ́kọ́rọ́, dúdú ni ilẹ̀, búlúù tí ó ní ìlà funfun ni ó ń jí ańpù. Funfun ni sípíkà iwájú òsì, aláwọ̀ eérú ni ti iwájú ọ̀tún, aláwọ̀ ewé ni ti ẹ̀yìn òsì, àlùkò ni ti ẹ̀yìn ọ̀tún. Èyí tí ó bá ní ìlà dúdú nínú wọn ni nẹ́gẹ́tíìfù.

Olùkọ́ Ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́:

Mo padà wá jíṣẹ́. Sípíkà tòkunbọ̀ méjì, óòmù 4, dB 91, gba 42,000 náírà lọ́wọ́ mi. Fóòmù, bítílì díẹ̀ àti òrùka tí káfíńtà gé gba 17,000, owó iṣẹ́ sì jẹ́ 15,000. Mo dúró síbẹ̀ ná, owó ańpù wà lápò. A fi bátìrì tọ́ọ̀ṣì dán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wò, ọ̀kan nínú ti ẹ̀yìn sì wà ní òdì láti ìgbà tí mo ti ra ọkọ̀ náà láìmọ̀.

Lórí rédíò mi, ohùn ń lọ láti òdo dé 63. Tẹ́lẹ̀, 45 ni mo máa ń fi gbọ́ ìròyìn lẹ́yìn Mọ́níyà, pẹ̀lú fèrèsé ní ṣíṣí. Ní ọjọ́ Ajé tí ó kọjá, 33 ni mo fi gbọ́ ọ, gbogbo ọ̀rọ̀ sì yé mi dé Ọ̀yọ́. Nínú orin àpàlà, mo ń gbọ́ agídígbo lọ́tọ̀, mo ń gbọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ lọ́tọ̀, ìyáàlù sì ń sọ̀rọ̀ tí mo fi ń mọ ohun tí ó ń sọ. Ó kù ohun kan: ilẹ̀kùn òsì máa ń gbọ̀n kẹ́kẹ́kẹ́ bí ìyáàlù bá ti balẹ̀ sísàlẹ̀. Bítílì wà níbẹ̀. Kí ni ó lè jẹ́?

Rewáyà Ìwó Road:

Irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó so ọwọ́ ilẹ̀kùn pọ̀ mọ́ kọ́kọ́rọ́ ni, ó ń lu ara ilẹ̀kùn nínú. Ẹ ṣí ike náà, kí ẹ tan orin yẹn, kí ẹ sì fi ọwọ́ di irin náà mú. Bí ó bá dákẹ́, ẹ fi fóòmù tí ó ṣẹ́kù wé e níbi méjì, kí ẹ má jẹ́ kí fóòmù náà dí i lọ́wọ́ láti máa lọ bọ̀.